Bí Mo Ṣe Wọ Agbádá Ẹ̀gbọ́n Mi Lọ Wo Òkun

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ta ló sọ fún Àlàó, ẹ jẹ́ kí n tètè wí i: kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi ni mo fẹ́ rò fún yín, ojú mi méjèèjì yìí ni mo sì fi rí gbogbo rẹ̀. Mo rí òkun. Mo wọ inú rẹ̀. Mo mu nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó kọ́kọ́ lọ ná, kó sì padà wá.

Àgbẹ̀ ni mí, ní abúlé wa lẹ́bàá Akanran. Iṣu mi kò kéré, ẹ lè béèrè. Mo sì mọ ìwé díẹ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tíṣà ìjọ ní Ìbàdàn ni mo ti kọ́ a, b, d, títí mo fi lè kọ ohun tí mo bá rò. Tíṣà ní n kò tíì ka ìwé náà parí. Mo sọ fún un pé ìwọ̀n tí mo kà ti tó mi lò. Òun náà ni yóò ka èyí sétí ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n kà, nítorí náà, ẹ jókòó dáadáa.

Lọ́dún tí mo ń wí yìí, ọ̀nà Abẹ́òkúta ṣì là. Ogun kò tíì dí i. Èèyàn lè gbéra ní Ìbàdàn kó dé Èkó kó sì padà, kí ẹnikẹ́ni má mú un. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Bánkọ́lé ló fa gbogbo rẹ̀. Aládùúgbò mi ni, oko rẹ̀ àti tèmi pààlà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ru epo dé Èkó, àti ìgbà náà la ò ti sinmi mọ́. Bí òjò bá rọ̀, Bánkọ́lé á ní òjò Èkó ju èyí lọ. Bí a bá ń jẹ ẹja, á ní ṣé ẹja lẹ pe èyí? Bí ọmọ ẹnìkan bá ń sunkún, á ní ọmọ Èkó kì í sun ún báyẹn. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn? Kò sí ẹlòmíràn tó ti débẹ̀ nínú wa.

Lọ́jọ́ kan a jókòó sábẹ́ igi, ó ní òkun kò ní òdìkejì. Mo ní gbogbo omi ló ní òdìkejì. Mo ti la odò Ọnà kọjá, mo ti la Ọ̀ṣun kọjá nígbà tó kún, kò sí èyí tí n kò bá ilẹ̀ lódìkejì rẹ̀. Bánkọ́lé wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àlàó, ọ̀rọ̀ ará oko lò ń sọ yẹn."

Òun tí oko rẹ̀ àti tèmi pààlà!

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi wà níbẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín.

Mo dìde, mo ní màá lọ wò ó. Wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ tà. Mo ní n kò fẹ́ tà, n kò sì fẹ́ rà. Mo fẹ́ lọ wòran ni. Ní abúlé wa, a kò tíì rí àgbà tó pa oko tì nítorí pé ó fẹ́ lọ wo omi. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́, kò sì tíì sí ẹnì kejì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ aṣọ tí màá wọ̀.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Òjó. Gbogbo abúlé ti fẹnu kò nígbà náà pé ẹ̀gbọ́n mi ni yóò jẹ Baálẹ̀ bí a bá ti wa iṣu tuntun tán. Aṣọ ọjọ́ náà sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́: agbádá etù kan. Ìyá wa ló ran òwú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, nígbà tí wọ́n bá ti oko dé. Àwọn náà ni wọ́n pa á láró. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti hun ún, ṣùgbọ́n ìyá wa kú kí wọ́n tó rán an. Ìyá wa kò rí i lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi kì í wọ̀ ọ́. Inú àpò awọ ló ń gbé, tó ń dúró de oyè.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kí wọ́n yá mi. Mo ṣàlàyé pé bí mo bá wọ ẹ̀wù oko dé Èkó, wọn á rò pé aláàárù ni mí, orúkọ ilé wa ló máa bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi mú agbádá náà jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní, wọ́n tún un ká, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Àlàó," wọ́n ní, "má jẹ́ kí omi kàn án."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọmọdé ni mí ni?"



Ní ibodè àkọ́kọ́ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Oníbodè wo iwájú mi, ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní ẹrù mi dà? Mo ní n kò lẹ́rù. Ó ní níbo ni mò ń lọ? Mo ní Èkó ni, mo fẹ́ lọ wo òkun. Ó ní oríṣi èèyàn mẹ́ta ló ń gba ibẹ̀ kọjá: ẹni tó ru ẹrù, ẹni tó ń sá, àti amí. Ó ní kí n mú ọ̀kan. Kí lẹ fẹ́ kí n mú? Ó dá mi jókòó títí oòrùn fi kan àtàrí.

Obìnrin kan tó ń kọjá ló ṣàánú mi, ó ní kí n sáà ra nǹkan rù. Mo ra àpò èlùbọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e lérí, mo padà síwájú oníbodè. Ó gba owó ibodè lọ́wọ́ mi, ó ní ọjà á tà o. Èmi kan náà tó fẹ́ pè ní amí ṣáájú!

Bí mo ṣe ru èlùbọ́ dé Abẹ́òkúta nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti wọ ọkọ̀ lórí odò Ògùn, èlùbọ́ wà láàárín ẹsẹ̀ mi, àpò awọ wà láyà mi. Ọjọ́ mélòó kan la lò lórí omi. Omi kò kàn án.

Nígbà tí ọkọ̀ wa yọ sí Èkó, mo rí omi tó fẹ̀ lọ rẹrẹ. Mo wo òdìkejì rẹ̀. Òdìkejì wà níbẹ̀! Igi ń hù lórí rẹ̀. Mo fò sókè débi pé ọlọ́kọ̀ ní kí n jókòó kí n má dà wọ́n nù. Mo ní kò burú, ọ̀rọ̀ ti tán, mo ti borí Bánkọ́lé. Díẹ̀ ló kù kí n ní kí ọkọ̀ náà máa gbé mi padà.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Sàká ni mo dé sí. Àbúrò bàbá Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n, iṣẹ́ ẹja yíyan ni wọ́n ń ṣe. Mo sọ àpò èlùbọ́ kalẹ̀, wọ́n ní ṣé àwọn ni mo ru irú ẹrù yìí wá fún láti ọ̀nà jíjìn? Wọ́n gbàdúrà fún mi gidigidi. Mo ṣe àmín. Mo wá sọ fún wọn pé mo ti rí òkun, ó sì ní òdìkejì. Wọ́n yí ẹja tó wà lórí iná padà.

"Ọ̀sà nìyẹn, ọkọ ọmọ mi," wọ́n ní. "Òkun ṣì wà lẹ́yìn."

Síbẹ̀, ẹ má rò pé Èkó fúnra rẹ̀ kò tó wò. Mo wọ agbádá, mo sì rìn káàkiri. Mo rí ilé tó jókòó lórí ilé, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń pè é. Èèyàn ń rìn lókè orí èèyàn, àwọn ti ìsàlẹ̀ kò sì bínú. Mo rí ọkọ̀ ńlá tó ń rú èéfín, tí n kò rí ẹni tó ń wà á. Mo rí fèrèsé onídígí, orí mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Mo jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn èèyàn wa tó ti oko ẹrú òkè òkun padà dé. Atẹ́gùn ló pọ̀ jù nínú búrẹ́dì, kò lè gbé àgbẹ̀ dé ọ̀sán. Òyìnbó kan kọjá lábẹ́ agboòrùn, ó wo agbádá mi. Ó lọ síwájú díẹ̀, ó tún bojú wẹ̀yìn wò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn. Àwọn ará Èkó ń kí mi ní ìjòyè. Mo ń dáhùn. Ta ni mí tí màá fi já wọn ní irọ́ nílùú wọn?

Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Sàká fẹ́ lọ gba ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja létí òkun, wọ́n ní ká jọ lọ. A fi ọkọ̀ la ọ̀sà kọjá, a sì fẹsẹ̀ rin iyanrìn láàárín àgbọn. Mo gbọ́ òkun kí n tó rí i. Mo rò pé àrá ni, mo wo òkè, òkè mọ́ kedere. Lẹ́yìn náà la yọ sí i.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò ní òdìkejì.

N kò ní purọ́ fún yín. Mo wá a o! Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo fi ìka ẹsẹ̀ dúró. Mo ní bóyá bí èèyàn bá gun igi àgbọn. Ìyá Sàká ní ibẹ̀ ni wọ́n bí àwọn sí, àwọn kò sì tíì rí àgbọn tó ga tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni mo wá fẹ́ padà lọ sọ nílé? Pé òótọ́ ni Bánkọ́lé ń sọ? Ṣé torí ìyẹn ni mo ṣe ru èlùbọ́? Ìgbà náà ni mo rántí pé etí òkun ni Bánkọ́lé dúró sí, kò wọ̀ ọ́. Láti ẹnu ara rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Bí mo bá wẹ̀ nínú rẹ̀, ta ló tún lè sọ̀rọ̀ níwájú mi?

Ẹ má sọ pé mo gbàgbé ohun tí ẹ̀gbọ́n mi wí. N kò gbàgbé. Torí kí omi má kàn án ni mo ṣe bọ́ ọ. Mo ká a bí wọ́n ṣe ká a. Mo fọwọ́ kan iyanrìn, ó gbẹ, ó gbóná, mo gbé agbádá lé e. Mo fi fìlà lé e lórí, mo fi bàtà mi méjèèjì tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn má gbé e. Láti ibẹ̀ dé omi tó ọgbọ̀n ẹsẹ̀. Mo wo ojú ọ̀run, kò sí ìkùukùu kankan.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àgbẹ̀, ẹ sọ òótọ́. Kí ló ń mú odò kún? Òjò ni. Bí òjò kò bá rọ̀, ibi tí o bá gbé ẹrù rẹ sí létí odò lo máa bá a. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ń ṣe, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń ṣe láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò sì tíì wá ẹrù tì.

Ìyá Sàká ní kí n gbé e lọ sókè lábẹ́ àgbọn, níbi tí àwọn apẹja kó tiwọn sí. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, mo mọ ìwà omi. Mo ní lábẹ́ igi yẹn, olè lè gbé e, ṣùgbọ́n níbi tí mo gbé e sí yìí, ojú mi á máa tó o. Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n bá tiwọn lọ sídìí ẹja.

Ìgbì àkọ́kọ́ gbé mi lulẹ̀. Mo dìde. Èkejì tún gbé mi lulẹ̀. N kò sá. Iyọ̀ ni omi náà, iyọ̀ gidi, mo mu tó igbá kan láìfẹ́. Nígbà tó yá, mo mọ ọgbọ́n rẹ̀: bí ó bá ti ń bọ̀, kí èèyàn fò. Ó wá dùn mọ́ mi. Àgbà bíi tèmi, mò ń fò sókè sódò, mò ń ké orúkọ Bánkọ́lé. Kèrègbè kékeré kan wà nídìí ṣòkòtò mi, mo bu omi òkun kún un, mo dí ẹnu rẹ̀, kó lè jẹ́ ẹ̀rí.

Mo wá bojú wẹ̀yìn. Níbi tí mo gbé agbádá sí, omi ló wà níbẹ̀.

Olè ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo sáré bá àwọn apẹja, mo ní kí wọ́n mú aṣọ mi jáde. Ọ̀kan nínú wọn, tó ń tún àwọ̀n ṣe, bi mí níbo ni mo gbé e sí. Mo nawọ́ sí i. Ó wo ibẹ̀ títí, ó wá bi àwọn tó kù bóyá wọ́n rí olè kankan tó gbabẹ̀ kọjá. Ẹnìkan ní òun rí i, ó ga, ó funfun lórí, ariwo rẹ̀ sì pọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sórí àwọ̀n. Ìgbà náà ni mo rí fìlà mi tó ń léfòó lọ.

Mo kó sómi, mo mú fìlà. N kò rí agbádá. Nígbà tí mo jáde, Ìyá Sàká ti wá dúró síbẹ̀.

"Òjò kò rọ̀," mo ní.

"Kò rọ̀."

"Ṣé ó rọ̀ níbi tó ti ń ṣàn bọ̀ ni?"

"Kò ti ibì kankan ṣàn bọ̀. Ó ń gòkè ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló ń gòkè, tó tún ń padà."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

"Ta ló ń rán an?"

Ìyá Sàká ní àwọn kò tíì bi í.

Mo jókòó. Mo rò ó pé bí ó bá ń padà, á jẹ́ pé yóò dá ohun tó mú padà. Nígbà tó sì padà lóòótọ́, ó fi bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún mi sílẹ̀. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wá síbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ṣòkòtò mi àti ìborùn tí Ìyá Sàká yá mi. Bí omi bá padà, màá rin etí rẹ̀ lọ, màá rìn ín bọ̀. Bí ó bá gòkè, màá sún sẹ́yìn. Mo mọ ìwà rẹ̀ tán lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn, mo lè sọ ìgbà tí yóò dé kó tó dé. Àwọn tó wá wo òkun á wo òkun tán, wọn á wá wo èmi náà.

Mò ń rántí bí ìyá wa ṣe máa ń fi ọwọ́ kan ran òwú, tí wọ́n á máa fi ìkejì lé adìẹ. N kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kẹta, apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe lọ́jọ́sí wá bá mi. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní àwọ̀n òun kó nǹkan lójú agbami, ó wúwo bí òkú èèyàn, ó fẹ́ dojú ọkọ̀ àwọn dé. Bí òun kò bá gé e, àwọ̀n á lọ, ọkọ̀ á lọ. Ó ní òun gé e kúrò lára àwọ̀n. Ó ṣí ọwọ́, etù wà níbẹ̀, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ìyẹn ló kù sára àwọ̀n. Ó ní kí n má bínú. Mo ní n kò bínú. Ó fún mi lẹ́ja ńlá kan. Mo gbà á.

Mo palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo padà dé ibodè ọjọ́sí, oníbodè ní ẹrù mi dà? Mo ní mo tà á tán. Ó kí mi kú oríire.

Gbogbo agboolé ló pé lé mi lórí lọ́jọ́ tí mo dé. Mo rò ó fún wọn: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọkọ̀ eléèéfín, búrẹ́dì, òyìnbó tó wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo tú kèrègbè, wọ́n ń tọ́ ọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fún ojú pọ̀. Àbẹ̀kẹ́ fi èyí tó kù se ẹ̀fọ́, kò wá iyọ̀. Bánkọ́lé náà tọ́ ọ wò. Ó ní òkun ni. Mo bi í níwájú gbogbo wọn pé ṣé ó wẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ní rárá. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ó dùn mọ́ mi gan-an, bí mo ṣe rò pé yóò dùn náà ló dùn.

Ó wá kan ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní, "Agbádá ńkọ́?"

Mo ti to ìtàn mẹ́ta sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Nínú ọ̀kan, aṣojú ọba òyìnbó ló tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ìtàn náà dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, ńṣe ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo gbé etù ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ náà síwájú wọn. Wọ́n mú un. Wọ́n gbé e símú. Wọ́n fi ahọ́n kàn án.

"Omi kàn án," wọ́n ní. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé.

Mo yíjú sí Bánkọ́lé. Mo bi í pé ṣé ó mọ̀ pé òkun máa ń gòkè. Ó ní òun mọ̀. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi?

"O kò bi mí," ó ní. "O ní o mọ omi."

A wa iṣu tuntun, ọjọ́ oyè pé. Kò sí àyè láti hun etù mìíràn, kò sì sí agbádá tó yẹ oyè ní abúlé wa ju ẹyọ kan lọ. Ti Bánkọ́lé ni. Èrè epo tó rù lọ sí Èkó ló fi rà á. Ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ yá a, Bánkọ́lé sì yá wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó tóbi jù lọ́rùn, ńṣe ló ń yọ̀ bọ́ sí èjìká. Èmi ni mo rìn lẹ́yìn wọn, tí mò ń fà á sókè, láti ilé títí dé ibi tí wọ́n ti jẹ oyè. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìbá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣí fìlà kí wọ́n lè gbàdúrà lé wọn lórí, mo rí inú fìlà náà. Wọ́n ti rán etù ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ yẹn mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà sí mi títí dòní. A jọ ń jẹun. Mo ti ní màá padà lọ wò ó bóyá òkun ti gbé e jáde, ṣùgbọ́n ogun dé, ọ̀nà dí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé. Bí o bá dé ìdí omi tí kì í ṣe tìrẹ, bi ẹni tó ń gbé ibẹ̀ bí ó ṣe ń ṣe, kódà bí o bá mọ omi. Èmi mọ omi. Mo ṣì mọ̀ ọ́n ju Bánkọ́lé lọ, torí èmi wẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Nínú yín, ta ló ti rìn dé ìlú onílùú lọ wòran? Kí lẹ rí, kí lẹ sì fi sílẹ̀ síbẹ̀? Ẹ sọ ọ́ fún tíṣà kó bá yín kọ ọ́ wá. Èmi fúnra mi ni màá kà á. Kó má ṣe gùn jù, n kò tíì ka ìwé náà parí.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa fi kún un tàbí kó yọ kúrò nínú rẹ̀, ohun tó sọnù rèé:

Bàtà ẹsẹ̀ òsì, ọ̀kan.

Agbádá etù, ọ̀kan.

Òwú tí ìyá wa fi ọdún mẹ́ta ran, gbogbo rẹ̀, àfi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan.